Ọkùnrin Tó Lọ Nígbà Tí Mo Ní Kó Máa Lọ

Nígbà tí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí gbogbo ilé wa l'Ẹgbẹ́dá ń wò parí, tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ kò sì fẹ́ ọkùnrin tó yẹ kó fẹ́, inú bí mi gan-an. Mo gbé fóònù mi, mo mú ìtàn náà láti ibi tí wọ́n já a sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi lọ. Orí Wáàsáàpù ni mo ń fi í sí fún àwọn obìnrin ilé wa. Kò pẹ́ tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí láti Ìkòtún àti Àgbàdo fi wọ gúrúùpù náà, tí wọ́n ń bèèrè apá tó kàn lọ́wọ́ mi bí ẹni tó sanwó sílẹ̀.

Kí n má parọ́, kò sí ohun tuntun kankan nínú ohun tí mo ń kọ. Ọmọbìnrin inú ìtàn mi kì í rọra kọjá lára ọkùnrin. Àfi kó kọlù ú, kí ìwé ọwọ́ rẹ̀ fọ́n ká, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì sì pàdé lórí bébà kan náà. Bí ọkùnrin bá lówó, ó gbọ́dọ̀ máa fajú ro, kó máa dá ènìyàn lóhùn bí ẹni tí eyín ń dùn, títí ìfẹ́ á fi sọ ọ́ di ọmọlúàbí. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ọkọ̀ á bàjẹ́, yàrá kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́ kù ní hòtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló sì máa wà nínú yàrá náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti "má wá mọ́". Ọmọbìnrin á ní kí ọkùnrin máa lọ, ọkùnrin ò ní lọ, á dúró sínú òjò. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé mi ti máa ń sunkún.

Aládùúgbò wa kan, ìyàwó káfíńtà tí ọkọ rẹ̀ ń kan bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo àdúgbò, tí òun pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin sì jọ ń sùn lórí ẹyọ kan, sọ fún mi pé òun ò rí ìfẹ́ kankan nínú ti hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí ara òun yá gágá, kí n fún obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ gbá a, kó sùn di ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò yí i padà. Màámi ní tiwọn máa ń dárúkọ ọmọbìnrin inú ìtàn náà nínú àdúrà lẹ́yìn ìrun àsùbáà, pé kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ rere. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èmi ni mo ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà ṣe àmín.

Àsìkò yẹn náà ni ọkùnrin kan ń wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ lílẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ àti ògiri ló ń ṣe. Ilé ìwẹ̀ wa ló wá lẹ̀ tá a fi mọra. Kò kọlù mí. Ó kí Màámi, ó sì bi mí bóyá òun lè gba nọ́ńbà mi. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú kan kì í lọ kó má wá ní aago mẹ́rin, tòun ti búrẹ́dì àti ẹ̀pà.

Ó ka gbogbo ìtàn mi, ìbéèrè kan péré ló sì ní. "Ọmọbìnrin yẹn ní kí ọkùnrin náà máa lọ," ló wí. "Kí ló dé tí kò lọ?"

Mo ní kò mọ ìtàn. Ìgbà náà ló sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ọkùnrin kan ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó ti ní òun ò fẹ́. Àwọn aládùúgbò ń yin ọkùnrin yẹn pé ó ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá fi ilé sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo káàánú, àmọ́ mi ò fi ọ̀rọ̀ náà wé tèmi.

Tèmi ni pé àyà mi kì í já nígbà tó bá dé. Ara mi kàn máa ń balẹ̀ ni, mo sì rò pé ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Ni mo bá dán an wò lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo ní kó má wá mọ́.

Ó wojú mi. "Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àwọn ọmọbìnrin inú ìtàn mi ṣe máa ń ṣe é. Ó kí Màámi pé ó dàbọ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òjò tilẹ̀ rọ̀. Mo jókòó sójú fèrèsé láti aago mẹ́ta. Ewúrẹ́ nìkan ló dúró sínú òjò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́. Àwọn obìnrin ilé wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo ọkùnrin ló mọ̀ pé obìnrin á kọ́kọ́ ṣakọ, pé ọkùnrin náà á padà wá. Àmọ́ èmi mọ̀ pé eléyìí ò ní padà wá, torí pé mo ti sọ fún un pé kó má wá. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi lé ẹni tí ara mi ń balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí ohun tí mo kà nínú ìtàn tí èmi fúnra mi kọ.

Ọjọ́ Ajé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgàńdò, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìyá àgbàlagbà kan. Ìyá náà ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ọkùnrin mi wà ní ìpẹ̀kun kejì, ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó lóṣòó. Omi ti gba ojú mi. Mo gbé ẹsẹ̀ láti sáré lọ bá a.

"Má tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Mo wolẹ̀. Gbogbo pálọ̀ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ tán. Báyìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ṣe di ohun tí mo ń pariwo sọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, tí onílé dúró lẹ́yìn mi tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Irọ́ ni mo pa," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ kí o lọ. Mo fẹ́ kí o dúró sínú òjò ni."

Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, jàre. Tí o bá ní kí n lọ, màá lọ. Tí o bá ní kí n wá, màá wá. Kí lo wá sọ báyìí?"

"Mo ní kí o wá. Ní Sọ́ńdè."

"Aago mẹ́rin?"

"Aago mẹ́rin."

Ìyá onílé ní òun ti gbọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, kí n wá jọ̀wọ́ máa lọ sílé kí n tó ba táìsì òun jẹ́. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín. Ara tù mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tiwa.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo tún ìtàn mi kọ. Ọlọ́wó tó ń fajú ro ò yí padà, ọmọbìnrin náà sì wá iṣẹ́ síbòmíràn. Hòtẹ́ẹ̀lì ní yàrá méjì, obìnrin sùn di ọ̀sán. Ìyàwó káfíńtà fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó kan ibi "má wá mọ́", mo jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ, ọmọbìnrin ló sì tọ̀ ọ́ lọ láti lọ sọ òdodo. Àwọn kan bínú kúrò ní gúrúùpù, wọ́n ní mo ti ba ìtàn jẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, àmọ́ ọkùnrin mi dúró níta tòun ti búrẹ́dì rẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun wọlé. Àyà mi já. Mo ní, "Wọlé." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé.