Lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Inú Páànù Bísíkíìtì

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà ní South Thamesmead, ní London níbí, tí mo máa ń lọ tọ́jú láàárọ̀. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń po tíì wọn. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n fa páànù bísíkíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà ló kún inú ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá wọn ṣe bíṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ wa láyé ìjọba òyìnbó, àwọn lẹ́tà tó ń kọ sílé nìyẹn. Wọ́n ní kí n máa kà á fáwọn.

Kí n má parọ́, ìjà ni mo múra sílẹ̀ fún. Mo ti mọ̀ pé ó máa pè wá ní kèfèrí. Ó kúkú pè wá bẹ́ẹ̀. Mo kà á sókè ketekete, ìyá rọra wúkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé eyín iwájú ẹ̀ ti hù? Ṣé ó ṣì ń bẹ̀rù ajá? Ó ní kí ìyàwó òun fi òwú wọn ọmọ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, kó fi òwú yẹn ránṣẹ́ sóun. Ibẹ̀ ni n ò ti lè kà á mọ́.

Èmi náà fi ọmọ sílẹ̀ n'Íbàdàn, lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà yẹn; ó ti pé mẹ́fà báyìí, físà ẹ̀ ò tíì jáde. Kó má baà máa sunkún kiri, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ pé kó máa pe ìyá mi ní Mọ́mì. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an. Tí mo bá rí bàtà ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù ní Powis Street, mo máa ń dúró wò ó, n ò sì mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ ọmọ mi.

Mo bi ìyá léèrè pé nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá padà délé ńkọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn, tó padà wá bí àwọn, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì lọ dúró sẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, n ò lè dúró délé. Mo fóònù láti ibùdókọ̀, mo ní kí ìyá mi gbé fóònù fún ọmọ mi.

Mo ní, "Gbọ́ o, èmi ni mo bí ẹ. Èmi ni màmá ẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Mọ́mì ti sọ fún mi."