Ẹrẹ̀ Inú Ewé Kókò àti Irin Ìtúlẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Yàn

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyá àgbà fi ẹrẹ̀ ra irin olóhun lára lójú olóhun. Ìfọ̀ la wà, nínú ọgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin reluwé, níbi tí wọ́n ti ń ta irin iṣẹ́ oko tòkunbọ̀. Mo rántí aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ aago kà ni, gbogbo aago tí mo bá sì rí lára ògiri ni mo máa ń kà. Òórùn gíríìsì gba gbogbo ibẹ̀, ti irin tó dógùn-ún sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ oko wa ní Ìbògùn ni ìyá àgbà ti bu ẹrẹ̀ náà. Ó dì í sínú ewé kókò, ó kì í bọ báàgì tó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ẹ̀gẹ́ wíwọ́ kan tì í. Orí itan mi ni báàgì náà wà nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìfọ̀, omi ẹrẹ̀ sì ń tutù wọ inú aṣọ mi.

Ọkùnrin tó ń ta irin wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, owó làwọn èèyàn ń gbé wá síbí. Ẹ̀yin gbé ẹrẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wá. Ṣé gààrí lẹ fẹ́ fi san án ni?"

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Owó wà nídìí aṣọ. Ilẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ dán ọjà yín wò."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀rù máa ń bà mí pé èèyàn lè má lóye ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ìyá àgbà. Ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìdí máńgòrò dé ìdí pèrègún, pèrègún yẹn sì ni ààlà àwa àti Àáfà tó ń dáko nísàlẹ̀ wa. Katakátá tí a ń háyà lọ́dọọdún, apá ọ̀tún nìkan ni irin ìtúlẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n da ilẹ̀ sí. Awakọ̀ á yí oko ká, á máa da ilẹ̀ síta, òjò á sì parí iṣẹ́ náà. Ọdọọdún ni erùpẹ̀ wa ń kọjá sábẹ́ pèrègún lọ bo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ Àáfà mọ́lẹ̀.

Àáfà wá sọ pé ṣe ni Ìyá Ìjọ, bó ṣe máa ń pe ìyá àgbà, ń fi katakátá ti ààlà. Ó dun ìyá àgbà gan-an. Ó ní ilẹ̀ òun ló ń lọ, èrè wo ló wà níbẹ̀ fún òun? Bí wọn ò ṣe kí ara wọn mọ́ nìyẹn, àwọn méjì tó jẹ́ pé ẹran Iléyá Àáfà ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé wa. Kérésì ọdún yẹn, ìrẹsì wa ò kọjá pèrègún. Èmi a máa lọ fọwọ́ kan ewé pèrègún náà ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wò ó bóyá ó ti ń rọ. Mo rò pé bí àwọn tó ni ín ò bá sọ̀rọ̀, á kú.

Ìdí tí a fi wá sí Ìfọ̀ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi ti ra katakátá àlòkù kan. Irin ìtúlẹ̀ ló kù, ìyá àgbà sì ní òun fúnra òun lòun máa yàn án.

Méjì ló wà nílẹ̀. Ìkíní dà bí èyí tí a ń háyà. Ìkejì ní irin lókè àti nísàlẹ̀: tí katakátá bá dé òpin oko, awakọ̀ á yí i, tòkè á di tìsàlẹ̀, á sì kọjú sí òdì kejì. Katakátá á wá gba ẹ̀gbẹ́ poro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là padà, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ilẹ̀ á máa ṣubú sí. Ìyá àgbà ní kí wọ́n yí i kí òun rí i. Ó dún gbàmù. Ó ní, "Bí ẹni ń yí àkàrà nínú epo," ojú rẹ̀ sì tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Apá irin tó tẹ̀, tó ń gba ilẹ̀ tó sì ń dà á dojú bolẹ̀, etí ni ìyá àgbà ń pè é. Oríṣi etí méjì ni ọkùnrin náà ní: ọ̀kan jẹ́ odindi irin dídán, èkejì là gbọọrọ gbọọrọ bí ìka ọwọ́. Ìyá àgbà fi ẹrẹ̀ ra méjèèjì lára. Ti odindi lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ti oníka já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Èyí."

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀gẹ́ kalẹ̀. Nígbà tó ń ta nínú oko, tààrà ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, kó tó ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgúnpá.

"Ibi tí taya ń tẹ̀ le nínú poro ni mo ti fà á tu," ìyá àgbà wí. "Ó débẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì."

"Ta ló sọ fún yín pé taya ni, Màmá?"

"Ẹ̀gẹ́ náà ni."

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè fi irin yìí túlẹ̀ kí gbogbo taya wà lórí ilẹ̀ tí a kò tíì tú. Ọkùnrin náà fa píìnì ńlá kan yọ, ó fi ibi tí wọ́n ń sún un sí hàn wá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra kìlọ̀ pé bí ilẹ̀ bá rin, taya tó wà lókè á máa yọ̀, poro ló máa ń dì í mú. Ìyá àgbà rò ó díẹ̀, ó ní lápá òkè, kí taya wà lórí ilẹ̀. Nísàlẹ̀ tó máa ń rin, kó wọ poro. Owó tó fẹ́ fi pààrọ̀ páànù ilé ló san. A sì gbé bókẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tó ń jò fún òjò ọdún kan sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi túlẹ̀, ìyá àgbà bọ́ bàtà, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún. Lékeléke ń tẹ̀ lé katakátá. Lílọ, ilẹ̀ ṣubú sí apá òkè. Bíbọ̀, apá òkè náà ni. Àáfà jáde pẹ̀lú búùtà rẹ̀, ó dúró, kò kí ẹnì kankan. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé búùtà sílẹ̀, ó mú ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa erùpẹ̀ àtijọ́ kúrò nídìí pèrègún padà sọ́dọ̀ wa.

"Ìyá Ìjọ, ẹ gba ilẹ̀ yín."

Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ lásán tẹ erùpẹ̀ náà wò. "Àáfà, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ara rẹ̀ ti mọlé níbẹ̀."

Èmi ni mo gbé ìrẹsì Kérésì kọjá lọ́dún yẹn.

Ìyá àgbà ti lọ sọ́run báyìí. Mo ti jáde yunifásítì, mi ò rí iṣẹ́, mo sì ti padà sí Ìbògùn láti dáko, pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí mi ò lè sọ fún àwọn ará ilé. Kí n tó ṣe ohunkóhun báyìí, mo máa ń bi ara mi pé: ohun tí mò ń dà nù yìí, orí ta ni yóò já lé? Nígbà mìíràn ìbéèrè náà kì í jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan rárá.

Katakátá àbúrò bàbá mi ti kú. Irin náà ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti jẹ tán, ó tín-ín-rín bí ọ̀bẹ àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló wà níbi ọgbà Ìfọ̀ báyìí. Ẹnì kan tó ń fi katakátá rẹ̀ túlẹ̀ fún èèyàn ní Mówè sọ pé etí odindi nìkan lòun lè rí, àti pé taya katakátá tòun fẹ̀ ju poro lọ, orí ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rìn látòkè oko dé ìsàlẹ̀ tó máa ń rin. Àáfà ti darúgbó, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nídìí pèrègún, òjò sì ti ń ṣú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti túlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba ohun tó wà, àbí kí n dúró de èyí tó bá ilẹ̀ mu? Láàárọ̀ yìí mo ti di ẹrẹ̀ sínú ewé kókò. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbé e lọ?