Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Pe Ìyàwó Bàbá Mi Lórúkọ

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe ní Àrándùn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí Bísọ́lá, ọmọ àbúrò mi, ti Èkó dé, tó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, èmi àti Múfú télọ̀ nìkan la yọjú. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tí mo sì ń yára fà á padà, bí ẹni tó ń wò bóyá sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín ọ̀kadà, ṣì gbóná.

Yàrá iwájú ilé bàbá wa la ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ Ìyá Kékeré, ìyàwó tí bàbá wa fẹ́ gbẹ̀yìn, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó fẹ́ kó àpò gàrí tó ń tà l'Ájàṣẹ́-Ìpo síbẹ̀. Ó ní òun á wá wò wá ní Sátidé. Tí òun ò bá rí nǹkan gidi, kí a kó jáde. Bísọ́lá ò sì ní ibòmíràn tó lè lò.

Ni Bísọ́lá bá ní kí n ṣe ètò tó ń kí ènìyàn. Ó kọ́ mi ní if àti else: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣe tibí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe tọ̀hún. Ṣé ìyẹn le? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Mo kọ ọ́ pé bí ọjọ́ orí ẹni tó dé bá kéré sí tèmi, kí ó kí i bí ọmọdé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kí i bí àgbà. A fi Múfú dán an wò, a fi Bísọ́lá dán an wò. Ó ṣiṣẹ́. Mo wá ń yan kiri.

Sátidé pé, Ìyá Kékeré jókòó. Bísọ́lá bi í ní orúkọ àti ọjọ́ orí, ó tẹ̀ wọ́n. Mọ́kànléláàádọ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ju ìyá mi yìí lọ. Bàbá wa ló mọ bó ṣe ṣe é.

Múfú, tí kì í dákẹ́, ka ohun tó jáde sókè: "Káàárọ̀ o, Sìkírá. Ṣé o jí dáadáa?"

Ẹni tí n kì í kí láìdọ̀bálẹ̀, tí n kò pe orúkọ rẹ̀ rí! Òun náà, "ọkọ mi" ló máa ń pè mí, torí wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa. Lọ́jọ́ náà, ó ní: "Ràfíù, ta lò ń pè ní Sìkírá?"

Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní ta ló kọ́ ọ?

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe." Bísọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, èmi tí mo ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo kọ ìlà tuntun sí abẹ́ ìlà ọjọ́ orí: kó béèrè bóyá ìyàwó bàbá mi ni; bó bá jẹ́ òun, kó kí i bí ìyá.

"Káàárọ̀ o, Sìkírá," ni Múfú tún kà, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àṣé òkè ni ẹ̀rọ náà ti ń kà á bọ̀. Bó bá ti kan ìlà kan tó bá ọ̀rọ̀ mu, kò ní wo èyí tó kù mọ́. Ó ti rí i pé mo jù ú lọ, ó ti parí iṣẹ́.

Ìyá Kékeré dìde, ó ń tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Bísọ́lá ń wò mí. Ojú yẹn ló dùn mí jù. Mo bẹ̀ wọ́n pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbé ìlà ìyàwó bàbá lọ sókè pátápátá.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá wa. Mo dọ̀bálẹ̀," ni Múfú kà lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Kékeré wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Èmi ò tíì rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ o."

Mo na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ mi tó kún fún ọ́ìlì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí a máa lo yàrá náà. Ní ti gàrí, ó ní ṣọ́ọ̀bù Múfú ló ń lọ, nítorí ẹni tó lóhùn tó bẹ́ẹ̀ á láàyè.

Kọ̀ǹpútà ò jẹ̀bi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé yẹn ni mi ò sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Èyí tó bá wúwo jù, òkè ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ̀rọ ti dójú tì níwájú àgbà rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má bẹ̀rù, Múfú ò ní ráyè kà á sókè. Àpò gàrí ló ṣì ń rù.