Ohùn Orin Ìyálé Mi

Mo rántí òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí nílé ọkọ mi ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ àwọn Gùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti gbé òórùn ẹja yíyan wọ inú yàrá, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń to àga ní pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Aránṣọ lọkọ mi, ó sì tún jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, irú oníwàásù tí kì í gbowó oṣù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ní tèmi, Abẹ́òkúta ni mo ti wá, mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé ohùn ni mo máa fi gba ilé náà. Mo wé gèlè, mo lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ mi, ẹni tó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé ẹsẹ̀. Ọkọ mi pe nọ́ńbà orin. Inú mi dùn, nítorí mo mọ orin yẹn bí ẹni mowó: orin ẹni tí ìjì ń gbá kiri, tó ń wá ibi ìsádi lábẹ́ ìyẹ́ Olúwa. Mo la ẹnu, mo gbé e sókè, àfi bíi pé èmi nìkan ni mo gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ilé ń kọ, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ yàtọ̀ pátápátá sí tèmi. Mo gbìyànjú láti lé wọn bá, n kò bá wọn. Mo ti pa ẹnu mi dé kí ẹsẹ kìn-ín-ní tó parí.

Nígbà tí àdúrà parí, ìyá ọkọ mi fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ìyàwó, má jẹ́ kójú tì ẹ́. A kì í kọ ọ́ báyẹn nílé yìí. Ohùn ìyálé ẹ nì."

Mo mọ̀ pé ọkọ mi ti láya rí. Mo mọ̀ pé obìnrin náà ti kú, ó sì fi ọmọ tí ìyá ọkọ mi gbé lẹ́sẹ̀ yẹn sílẹ̀ nígbà tí kò tíì lè dá rìn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ó ṣì ń bá wọn gbàdúrà láràárọ̀.

Ẹni tí kò bá dàgbà sáàárín àwa Mẹ́tọ́díìsì lè rò pé orin kan, ohùn kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ń gun ẹṣin kiri, ó ń wàásù ní pápá, ó sì ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ orin ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àbúrò. Ọ̀rọ̀ orin ló ń kọ. Ohùn wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́. Bí ìwọ̀n ìlà bá ti bára mu, a lè bọ́ ohùn kan kúrò lọ́rùn orin ká wọ òmíràn sí i, bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù. Nígbà tí àwọn tó ti oko ẹrú dé àti àwọn ọmọ wọn gbé ìwé orin wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó wá sí Àjàṣẹ́, wọ́n gbé ohùn tiwọn dání, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ náà kì í ṣe odi. Ọmọ Gùn láti Adjarra ni ìyálé mi. Òun ló mú ohùn kan tí ìyá tirẹ̀ máa ń kọ létí omi, tó wọ̀ ọ́ fún orin náà. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ni òyìnbó kó wá, kálukú ló lọ bu ohùn láti ilé rẹ̀. Èmi ọmọ Abẹ́òkúta yínmú. Lójú mi nígbà náà, àwa la ni orin, wọ́n kàn yá a lọ́wọ́ wa ni.

Láti ọjọ́ yẹn lowú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa òwe yẹn fún lórogún tó lè bá jà. Tèmi kò lójú tí mo lè dojú kọ. Bó bá jẹ́ àwòrán ló kọ́ sára ògiri ni, ǹ bá ti ní kí wọ́n gbé e kúrò. Bó bá jẹ́ aṣọ ló fi sílẹ̀, ǹ bá dì í sínú àpótí fún ọmọ rẹ̀. Ta ló lè di ohùn sínú àpótí? Ọkọ mi ń kọ ọ́ nídìí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ kẹ̀kẹ́ bá a lọ. Ìyá rẹ̀ ń kọ ọ́ nídìí ààrò. Bí mo bá wọlé, wọn kì í dákẹ́, nítorí wọn kò mọ̀ pé ó ń dùn mí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù. Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Mo rù lọ́dún yẹn débi pé ìyá ọkọ mi rò pé oyún ni, ó wá ń fi ọbẹ̀ ẹja gbígbóná kẹ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ohùn náà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo mọ ibi tó ti ń gòkè, mo mọ ibi tó ti ń falẹ̀, mo sì mọ ìlà kẹta, níbi tó ti ń ṣẹ́ kọ́nà kékeré kan, tí ohùn ọkọ mi ti máa ń gbọ̀n díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kórìíra jù lọ. Láràárọ̀ ni mò ń dúró dè é kí n lè ráyè bínú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọkọ mi wàásù nípa ẹ̀gbọ́n tó ń gun ẹṣin nì. Ó ní ọkùnrin náà fara da òkò àti èébú nítorí Ìyìn Rere, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ jowú títí tó fi kó jáde nílé. Gbogbo ìjọ mirí, wọ́n káàánú ọkùnrin náà. Àánú obìnrin náà ló ṣe èmi. Bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́.

"Ìyàwó ọkùnrin yẹn ni mò ń rò," mo ní. "Ǹjẹ́ ẹnì kankan bi í léèrè ohun tó ń dùn ún?"

"Mi ò kà á rí níbì kankan."

"Ẹ ò lè kà á. Ọkọ ló ń kọ̀wé."

Nígbà tó pe nọ́ńbà orin náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ ni kó o dá a. Ohùn tiyín ni kó o fi dá a." Mo dá a. Ìyá ọkọ mi gbè é bó ṣe lè gbè é, ọkọ mi náà gbè é, àti láti ọjọ́ yẹn, ohùn Abẹ́òkúta la fi ń kọ orin náà ní pálọ̀. Mo ti borí. Ẹni tó bá rò pé owú mi tán síbẹ̀ kò tíì jowú rí. Ọkọ mi kò kọrin mọ́ nídìí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, ìyá rẹ̀ náà kò sì kọ ọ́ mọ́ nídìí ààrò. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń dún. Mo wá ń jowú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ náà ni kò gbà. Nígbà tí ìyá ọkọ mi lọ sóko wọn ní Akpro-Missérété fún ìkórè àgbàdo, èmi ló kù tó lè rẹ̀ ẹ́ sùn. Mo fi ohùn tèmi rẹ̀ ẹ́, ó ń ké. Mo pọ̀n ọ́n, ó ń ké. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọkọ mi lọ ra bọ́tìnnì lọ́jà, mo gbé e wọ ilé ìdáná, mo tilẹ̀kùn, mo fi ohùn ìyá rẹ̀ kọ orin náà. Kò sí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Owú ti kọ́ mi dáadáa. Kí n tó kọjá ìlà kẹta, orí rẹ̀ ti wà léjìká mi. Bí ilé ìdáná ṣe di tiwa nìyẹn. Àwa méjèèjì nìkan là ń kọ ọ́ níbẹ̀, ọkọ mi kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí títí tó fi kú.

Ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ti lọ báyìí. Èmi kò bímọ; ọmọ yẹn ni gbogbo ọmọ tí mo ní, Màmá ló sì ń pè mí. Nígbà òjò tó kọjá, ó bímọ ọkùnrin ní Kútọnu, mo lọ bá a wẹ ọmọ bí ìṣe wa. Nínú ìjọ tiwọn lọ́hùn-ún, dùùrù oníná ni wọ́n ń tẹ̀, Faransé àti Gùn ni wọ́n fi ń kọrin, ìwé orin Yorùbá sì wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, mò ń fi òrí pa á lára, ni ìyá rẹ̀ bá mú pọ́tábù rẹ̀, fóònù alágbèéká, jáde.

"Màmá, ẹ kọ orin ìjì yẹn fún un. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀, kó lè máa gbọ́ ọ bí ẹ bá padà sí Àjàṣẹ́."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òrí lọ́wọ́ mi. Mo fi ohùn Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀. Ó mirí.

"Rárá, Màmá. Ìyẹn ti pálọ̀. Tiyín ni mò ń wí, èyí tẹ́ ẹ máa ń kọ fún mi nílé ìdáná."

Ó pè é ní tèmi. Mo wò ó lójú, kò sí àdàkàdekè níbẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tó lè já mi nírọ́ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí mo bá kàn kọ ọ́, ohùn náà di tèmi títí ayé, orogún mi á sì kú ikú tó yẹ kó ti kú kí n tó dé ilé yẹn. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ tuntun sì nìyí ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Kì í ṣe tèmi," mo ní. "Ti ìyá rẹ ni. Ìyá tó bí ọ. Èmi kàn kọ́ ọ ni."

Ó gbé pọ́tábù náà sílẹ̀. "Mo rò pé kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi ni. Mi ò tiẹ̀ mọ bójú ẹ̀ ṣe rí." Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ tán, ìlà kẹta àti gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sógiri, ó ń sunkún, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe tèmi ló ń sun. Láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní pálọ̀ Àjàṣẹ́ yẹn, n kò jowú tó bí mo ṣe jowú lọ́jọ́ náà.

N kò padà sí Àjàṣẹ́ mọ́. Ó ní kí n dúró tì wọ́n. Láràárọ̀, bó bá ń wẹ ọmọ, ohùn ìyá rẹ̀ ló fi ń kọrin. Ó máa ń ṣì í ní ìlà kẹta, níbi kọ́nà kékeré nì, èmi ni mo sì máa ń ti inú yàrá tún un ṣe fún un, nítorí kò sẹ́lòmíràn lókè eèpẹ̀ tó mọ̀ ọ́n mọ́. Owú á tún gbérí. A ti di ará ilé kan náà, èmi àti owú. Ṣùgbọ́n ohùn tèmi, èyí tí mo fi ìgbéraga gbé ti Abẹ́òkúta wá, kò sẹ́ni tó tíì bi mí léèrè rẹ̀. Lánàá tí ọmọ mi lọ sọ́jà, mo gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, mo rọra kọ ọ́ sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún un kọ.