Fèrèsé Tí Mo Kọ̀ Láti Gbé Sókè

Bàbá mi kì í sùn nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì. Lágboolé wa ní Ẹdẹ, ìbáà jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ilẹ̀kùn tiwọn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, láyé òyìnbó, akódà kóòtù kan ti ìyá wọn ṣubú, bàbá mi sì gbá akódà náà létí. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi gbára. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, nítorí wọn kì í sọ ọ́.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe kan tẹ́ pláànù àtijọ́ kan sórí tábìlì mi. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé àtìmọ́lé tuntun sí ìlú kan nítòsí wa, ó sì fẹ́ kí n tún èyí ya.

Mo ti kọ́ nípa irú pláànù yẹn nílé ìwé. Láyé àwọn baba wa, irin tí wọ́n fi ń de ènìyàn là ń pè ní ẹ̀wọ̀n. Òyìnbó ló kọ́ ilé tí a wá fi orúkọ irin pè. Ní ilẹ̀ tiwọn, àwọn aláàánú kan ti figbe ta pé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ dọ̀tí, àrùn ń pa ènìyàn níbẹ̀ kí ìdájọ́ tó dé. Ni wọ́n bá ní kí kálukú ní yàrá tirẹ̀, kí ó dákẹ́, kí ó ronú ìwà rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má sì rí nǹkan kan lójú fèrèsé bí kò ṣe ọ̀run. Nígbà tí ètò náà máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, àtúnṣe ti kù sókè òkun. Ògiri àti fèrèsé gíga ló bá ọkọ̀ dé, wọ́n sì ń kó èrò kún yàrá bí ẹni di iṣu sínú àpò.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n mú fèrèsé yìí wálẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé.”

Agbaṣẹ́ṣe náà rẹ́rìn-ín. “Mà, ọ̀daràn la fẹ́ kó síbẹ̀, kì í ṣe àlejò.”

“Àwọn tí kóòtù ò tíì dá lẹ́jọ́ ńkọ́?”

“Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láti ayé òyìnbó nìyẹn.”

“Òyìnbó ti ń ti tiwọn pa. Wọ́n ti sọ òmíràn di òtẹ́ẹ̀lì.”

Ó ní kí n ṣáà ya á bó ṣe wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bi bàbá mi léèrè bí inú ibẹ̀ ṣe rí.

“Atẹ́gùn la máa ń tò fún,” ni wọ́n wí. “Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èkejì á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé imú sí fèrèsé. Ọmọ ìlú Awo kan wà láàárín wa tí ikọ́ ń ṣe. Òun la máa ń gbé jù. Ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí kò mí mọ́.”



Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tó gbé iṣẹ́ náà jáde pè wá, pláànù tèmi ni mo gbé lọ. Fèrèsé wà níbi àyà ènìyàn, àgbàlá sì wà láàárín ilé. Alága wọn wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i padà?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ lọ tún un ya bí a ṣe ní kẹ́ ẹ ya á.”

“Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, sà. Ọwọ́ mi ò ní ya á.”

Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn lóòótọ́. Ayàwòrán kan ní Òṣogbo ni. Ó pè mí láti béèrè ìdí tí mo fi kọ̀, mo sọ fún un, òun náà sì kọ̀. Ẹni kẹta ló ya á. Ilé náà ti ń dìde, fèrèsé rẹ̀ sì ga. Agbaṣẹ́ṣe náà ń sọ káàkiri pé n kò tún ní rí iṣẹ́ ìjọba gbà mọ́. Ó ṣeé ṣe. Ilé ìwé àwọn ará Alájùẹ ni mò ń ya lọ́wọ́ báyìí, mo sì ti sọ fún akọ̀wé mi pé bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé irú pláànù yẹn dé, kó má wulẹ̀ fún un ní àga.