Ọwọ́ Díákónì Wa

Ọwọ́ díákónì ìjọ wa ní Midrand kì í pẹ́ dókè. Bí iná róbọ́ọ̀tì tó ń darí ọkọ̀ lójú títì bá ti di àwọ̀ ewé, á fi sìtíárìn sílẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Halelúyà!"

Àwa méjèèjì la jọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àpáta nítòsí Roodepoort. Èmi ń gùn, òun sì dúró nísàlẹ̀, okùn tí wọ́n so mọ́ mi níbàdí, tó gba òkè àpáta padà sísàlẹ̀, ló dì mú.

Olùkọ́ wa kìlọ̀ fún un: "Bàbá, ẹ má jọ̀wọ́ okùn yìí o. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín."

"Má mikàn, ọmọ mi. Ọlọ́run ti gba àkóso."

Mo dé òkè. Inú mi dùn, mo fi àpáta sílẹ̀, mo kígbe: "Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sókè ni èmi ń já bọ̀ sísàlẹ̀.

"Eish!" Olùkọ́ fò mọ́ okùn náà, ó sì dá mi dúró kí n tó kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, díákónì jẹ́rìí: "Ẹ̀yin ará, mi ò tiẹ̀ di okùn mú rárá, síbẹ̀ arákùnrin yìí ò fara pa!"

Ìjọ hó yèè, gbogbo wọn nawọ́ sókè. Èmi náà dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo ọwọ́ tó wà lókè yẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè fún ní okùn.