Owó Àánú Ẹyẹ Etí Omi Ìjù

N kì í lè jókòó pẹ́. Ìyá ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gún wà lórí gbogbo àga tí wọ́n bá fún mi. Wọn ò bí i mọ́ mi o. Ọkọ mi ló kó o ràn mí. Káfíńtà ni, iṣẹ́ rélùwéè ló sì ń ṣe lókè Ọya. Bó bá wálé lónìí, kì í pẹ́ tí yóò tún fi lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìjokò. Èmi àti àwọn ọmọ á wà nínú agboolé wọn ní Ọ̀tà, n ó máa jáde wo ọ̀nà, n ó máa wọlé padà. Ohun tó máa ń sọ ni pé kò sí iṣẹ́ ní Ọ̀tà tó lè bọ́ ilé. Mo gbà á gbọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ni mo ń bá a tọrọ nínú gbogbo àdúà mi, kó lè wálé, kó sì jókòó tì wá.

Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ẹgbẹ́ kan láàárín wọn ní Èkó dá owó àánú jọ nítorí igbó kan tó wà létí omi Ìjù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹyẹ àti ẹranko ibẹ̀ rí ibi gbé láìsí ìyọlẹ́nu, kí àwọn èèyàn náà sì rí ibi tí wọ́n á ti máa gbafẹ́. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa wá. A mọ sàárà fún aláìní, a mọ̀ ọ́n fún òkú, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe sàárà fún ẹ̀lúlùú? Bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ìmàle àdúgbò wa, ló pa wá lẹ́nu mọ́. Ó ní ẹni tó bá fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi mu, láádá rẹ̀ kò ní sọnù. Ó ní ẹyẹ ò sì burú ju ajá lọ.

Ọ̀rọ̀ gbígbafẹ́ ló wá kù tí kò yé mi. Kí ni èèyàn ń wá lọ sínú igbó tí kì í ṣe igi ìdáná, tí kì í ṣe ewé, tí kì í ṣe ẹran? Ògbufọ̀ wọn, ọmọ Èkó kan báyìí, ní wọ́n kàn fẹ́ máa rìn ni, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wò. Mo ní nínú mi pé ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, mo jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́. Wọ́n á fi tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀, wọ́n á fi kọ́ àtíbàbà, wọ́n á fi kan bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá kù, wọ́n á máa fi san owó oṣù fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ igbó náà. Ọkọ mi wà nílé lásìkò yẹn, òun ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ pákó fún. Ògbufọ̀ sọ fún bàbá ọkọ mi pé bí àwọn olówó bá wá wò ó, tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, káfíńtà náà ni wọ́n á fi ṣe olùṣọ́. Láti ọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ń gbé omi kaná, mo ń gbàgbé rẹ̀ sórí iná.

Bí àlejò ṣe ń súnmọ́lé, ìyá ọkọ mi kó tọkùnrin tobìnrin ilé jọ. Ó ní ẹni tó ti Èkó wá, tó náwó sí ibì kan, kò gbọdọ̀ dé kó bá koríko níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jiyàn? Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí a bá kà sí là ń ro, òun là ń gbá. Àkìtàn là ń fi sílẹ̀ fún koríko. Ọkùnrin mú àdá, obìnrin mú ìgbálẹ̀. Wọ́n ṣán gbogbo koríko gíga tó wà létí omi, wọ́n gé ìtàkùn, wọ́n dáná sun pàǹtí. Èmi bu yanrìn funfun nínú odò, mo dà á yí àtíbàbà ká. Nígbà tí a ṣe tán, èèyàn lè dúró lójú ọ̀nà kó máa rí omi kedere, ejò pàápàá kò ní ríbi sá sí. Inú mi dùn débi pé orin ni mo ń kọ délé.

Àwọn òyìnbó gbé mọ́tò dé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Obìnrin náà ló jọ ọ̀gá. Ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn. Ó gun orí pákó, ó gbé awò sójú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Bàbá ọkọ mi gbé àyà síwájú, ó ní gbogbo wa ni. Obìnrin náà bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá ọkọ mi rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún un, àwa tó kù ń ṣe àmín.

Ògbufọ̀ ló dá wa dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Koríko tí ẹ ṣán yẹn gan-an ni wọ́n ń náwó lé lórí. Inú rẹ̀ làwọn ẹyẹ ń yé sí."

Ẹ̀rù bà mí, nítorí ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ ọkọ mi ti lọ. Mo yíjú wò ó. Ó fara ti òpó àtíbàbà, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe mọ́kàn le.

Àwọn òyìnbó bá ara wọn sọ ọ́ títí. Nígbẹ̀yìn, ògbufọ̀ ní wọ́n mọ̀ pé inú rere la fi ṣe é, àti pé koríko á hù padà bí òjò bá dé. Owó náà dúró. Káfíńtà tó kan bẹ́ǹṣì yìí ni kó máa ṣọ́ ibẹ̀, kó sáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú àdá wọ ibẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Ọkọ mi ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun rò ó.

Mo sáré bá a lọ́nà ilé.

"Kí lẹ tún ń rò? Ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó ti wà lápò ṣòkòtò yín."

"Wọ́n ní kí n máa jókòó, kí n máa wo koríko."

"Ṣebí owó oṣù ni? Ṣebí ẹ ó máa wà nílé?"

"N ò lè gbélé, ìyàwó. Má bínú."

Kò jágbe mọ́ mi, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pàápàá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bóyá obìnrin wà lókè Ọya, bóyá kò sí, n ò bi í. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí gbogbo àdúà tí mo ti ṣe.

Ó tún lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìjokò, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n sì fún níṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn. Òjò dé, koríko hù bo etí omi, ẹ̀lúlùú ń ké níbẹ̀ ní àárọ̀, àwọn ará Èkó sì ń wá gbafẹ́. Èmi náà gbìyànjú lọ jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi dìde. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọkọ mi, mo máa ń ní ó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Látìgbà náà, bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, n kì í dárúkọ iṣẹ́ mọ́, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ó ti lọ.